Idà Kékeré Tí Ọkọ Mi Ń Gbé Lọ sí Decatur

Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí ìtàn tí a bá kánjú sọ, ibi tó dùn jù nínú rẹ̀ la máa ń fò.

Ọkọ mi kì í jẹun láìsọ̀rọ̀. Bó ṣe rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Ìbáà jẹ́ pé ó lọ gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ìbáà jẹ́ pé ó lọ pààrọ̀ táyà, bó bá ti wọlé, tó fọwọ́, tí mo gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó di dandan kó ròyìn ọ̀nà. Á sọ ẹni tó pàdé, ohun tí ẹni náà wọ̀, bí ọlọ́pàá ṣe dá ọkọ̀ kan dúró lórí I-20 àti bí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Èmi á jókòó sí ọ̀kánkán rẹ̀, màá máa ṣa ẹ̀wà, tàbí kí n máa bó ẹyin, màá máa sọ pé, "Ẹ̀n-ẹ́n? Lẹ́yìn náà ńkọ́?" Nígbà tí mo ṣì ń ṣe night shift ní ọsibítù, tí mo ń wọlé láàárọ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, ìròyìn àná ló fi máa ń dúró dè mí. Àwọn obìnrin mìíràn ní góòlù. Èmi, ìròyìn ọkọ mi ni mo ní.

Nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láìsọ̀rọ̀, mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń gbọ́ ìròyìn mi.

Bí mo bá ń pè é ní "ó" nínú ìtàn yìí, ẹ má bínú sí mi. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ lọ́wọ́, ìbínú náà kò sì tíì tán lára mi pátápátá.

Estate sale ló fà á. Ní àdúgbò wa ní Conyers níbí, bí àgbàlagbà bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ á ṣí ilé sílẹ̀ fún ayé ní Sátidé, wọ́n á lẹ iye owó mọ́ gbogbo ohun tó fi sílẹ̀, látorí ibùsùn dórí ṣíbí. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì ló ti fẹ́ràn irú ọjà bẹ́ẹ̀. Sátidé kan, ó lọ sí ilé sójà àtijọ́ kan tó ti kú, ó sì gbé idà méjì bọ̀. Ọ̀kan gùn, ojú rẹ̀ ṣe kọ́lọkọ̀lọ bí ejò tó ń sáré. Ìkejì kéré, kò gùn ju ọ̀bẹ ìgéran lọ, aṣọ gbígbó kan ni wọ́n fi wé e, èèkù rẹ̀ sì tẹ̀ síwájú bí arúgbó tó ń wo ilẹ̀. Dúdú ni àwọn méjèèjì, bí ohun tí a hú nínú ẹrẹ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ," ó ní, "ìwọ ọmọ alágbẹ̀dẹ, kí lo rí?"

Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí lóòótọ́. Ẹ̀gbẹ́ ẹwìrì bàbá mi ni mo ti kọ́ ìrìn. Ṣùgbọ́n àdá, ọkọ́ àti ọ̀bẹ ni bàbá mi ń rọ. Mi ò rí irin oníkọ́lọkọ̀lọ rí láyé mi.

Mo ní, "Ìdọ̀tí ni mo rí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbé èyí tó gùn lọ sídìí omi ẹ̀rọ, ó fi kànrìnkàn onírin àti ọṣẹ ìfọkòkò ha á títí tó fi ń kọ mànà bí ṣíbí ìyàwó tuntun. Mo tiẹ̀ yìn ín. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé nìyẹn: irin tí a bá fẹ́ gbé jáde láwùjọ, a máa ń fọ ojú rẹ̀. Nígbà tó fi parí èyí tó gùn, apá ti ń ro ó, ló bá fi èyí tó kéré sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ó gbé idà dídán rẹ̀ sínú búùtù ọkọ̀ lọ sí mọ́sálásí, kó lè fi han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn ìrun. Wọ́n pagbo yí i ká. Ọ̀kan ní idà àwọn Lárúbáwá ni. Òmíràn ní irú èyí ni wọ́n ń lò nínú fíìmù. Ibẹ̀ ni obìnrin kan tó wọ ìbòrí funfun ti ń kọjá lọ sídìí ọkọ̀ tirẹ̀. Inú ọkọ̀ ni mo jókòó dè é sí, àwọn ọkùnrin náà dí mi lójú, n kò rí ju ẹ̀yìn ìbòrí náà lọ. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́, lédè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn tó dùn, tó sì ń gbọ̀n:

"Yaa Allah! Ta ló ha ojú rẹ̀ nù báyìí?"

Ará Indonéṣíà ni, láti erékùṣù Jáfà. Ó ní kẹ́rísì ni wọ́n ń pe irú idà bẹ́ẹ̀ nílé àwọn, àti pé dúdú tí a rí lára rẹ̀ kì í ṣe ìdọ̀tí. Irin oríṣi méjì ni àwọn alágbẹ̀dẹ wọn máa ń lù pọ̀, wọ́n á ká wọn léra bí ẹní, wọ́n á tún lù wọ́n. Bí idà bá jinná tán, wọ́n á fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti oògùn kan pa á lára, kí irin kan dúdú, kí ìkejì funfun, kí ilà sì yọ lójú rẹ̀ bí omi tó ń ṣàn. Ilà yẹn ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ọkọ mi ti fi ọṣẹ ìfọkòkò fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Ó dúró síbẹ̀ bí ọmọ tó fọ́ àwo. Obìnrin náà ṣàánú rẹ̀, ó ní kó gbé e wá sílé òun ní Decatur, kí òun wò ó bóyá ó ṣì ṣeé tún ṣe.

Bí Àlàmísì ṣe di ọjọ́ ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí wàhálà kankan. Á ti Decatur dé, á jókòó ti ẹ̀bà, á máa ròyìn. Ọ̀bẹ ìgébúrẹ́dì mi ló fi ń kọ́ mi.

"Wò ó níbí," á gbé e sókè. "Bí ìdí idà bá fẹ̀ lápá kan ju apá kejì lọ, tó yọ bí ọwọ́jà erin, kẹ́rísì ni. Bó bá dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, tí ẹni tó ń tà á sì ní kẹ́rísì ni, irọ́ ló ń pa. Bó bá ní kọ́lọkọ̀lọ, kà á. Kò gbọdọ̀ ṣeé pín sí méjì dọ́gba. Bó bá ṣeé pín, ìwọ lo ṣì í kà."

"Bí kò bá ní kọ́lọkọ̀lọ ńkọ́?"

"Ó lè gún tààrà, kó ṣì jẹ́ kẹ́rísì. Ìdí rẹ̀ ni kóo wò! Ṣùgbọ́n bó bá wúwo, tí ikùn rẹ̀ yọ síwájú bí àdá wa, gólókù nìyẹn, wọ́n fi ń la àgbọn, wọ́n fi ń ṣánko. Èyí tí èèkù rẹ̀ jẹ́ ìwo àgbọ̀nrín tí wọ́n fín, tí irun sì so rọ̀ mọ́ ọn, mandáù ni, ti àwọn ará igbó erékùṣù Bọ́níò. Fọwọ́ pa ojú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan á wú, ẹ̀gbẹ́ kejì á jin."

Mo gbádùn rẹ̀. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ohun tí n kò gbádùn ni pé gbogbo rẹ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Ibu ní." Ibu ni wọ́n ń pe ìyá, tàbí obìnrin tí wọ́n bá bọ̀wọ̀ fún, lọ́dọ̀ tiwọn. Ibu ní ká má fọwọ́ òsì gba idà. Ibu ní àkọ̀ ni a ń fà kúrò lára idà, a kì í fa idà jáde kúrò nínú àkọ̀. Lọ́jọ́ kan ó tọ́ ọbẹ̀ mi wò, ó gbójú sókè, ó ní Ibu máa ń fi omi àgbọn sí tirẹ̀.

Mo gbé ìgbákọ sílẹ̀. "Ẹ lọ jẹ ti Ibu, ṣebí ẹ mọ ọ̀nà."

"Mi ò sọ pé ó dùn ju tìrẹ lọ."

"Èmi náà ò gbọ́ kẹ́ ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn gbọ́ ibi tẹ́ ẹ dúró sí ni."

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó tún dé pẹ̀lú tuntun. Ó ní nílé wọn, àwọn àgbà kì í sọ pé àwọn ra kẹ́rísì. Wọ́n á ní àwọn san sàdáàkì rẹ̀ ni.

"Sàdáàkì?" mo ní. "Èyí tí wọ́n ń san lórí ìyàwó?"

"Òun náà."

"Ta ló ṣe walí tó fà á fún yín? Àwọn wo ló jẹ́rìí?"

"Obìnrin yìí, irin ni!"

"Irin tí ẹ ti san sàdáàkì lé lórí. Ẹ gbé orogún wọlé fún mi láti ilé sójà, ẹ ò tiẹ̀ fi tó mi létí."

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀bà fi fẹ́ há a lọ́fun. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tèmi kò dé ikùn. Láti ọjọ́ yẹn ni ìròyìn ti dáwọ́ dúró. Á dé, á fọwọ́, á jẹun, á ní, "O ṣeun," á dìde.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Kẹ́rísì tó gùn, ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Èyí tó kéré, ó fi aṣọ sílíìkì tuntun wé e, ó kó o sínú dúrọ́ọ̀ tí ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà. Gbogbo Àlàmísì ló ń kì í bọ àpò inú kóòtù rẹ̀, níbi àyà, á gbé e lọ sí Decatur, á tún gbé e bọ̀. Mo bi í léèrè.

"Kí ni Ibu sọ nípa èyí tó kéré?"

"Kò tíì dá a mọ̀."

Obìnrin tó jẹ́ pé bí o bá ju idà gba iwájú rẹ̀ kọjá, á sọ ìlú tí wọ́n ti rọ ọ́, òun ni kò dá ọ̀bẹ kékeré mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀? Bàbá mi máa ń sọ pé alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Kí ni ọkọ mi fẹ́ fà yọ ní Decatur?

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Àwọn aṣọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ mọ́ mi lára. Mo ń wo ara mi nínú dígí, mo ń fi ara mi wé ẹ̀yìn ìbòrí funfun tí n kò rí ojú rẹ̀. Ojú tí èèyàn kò bá rí, ó lè fi oríṣiríṣi ẹwà sí i, èmi sì lawọ́ púpọ̀. Mo fún obìnrin náà ní eyín funfun, mo fún un ní ọrùn gígùn, mo tiẹ̀ bù kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀.

Nígbà tó yá, fóònù ọkọ mi dún. Ó wo ojú rẹ̀, ó gbé e wọ gáréèjì, ó ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn wa kò nípọn. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, "Mo mọ̀, Ibu. Mo mọ̀ pé kò dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fún mi láyè díẹ̀ sí i. Mo máa sọ fún un."

Mo pe ọmọbìnrin wa ní Morrow. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mummy, abeg," ó ní. "Daddy tí kì í rí remote tó wà lórí itan ara wọn? Ta ló fẹ́ gbé wọn?"

"Ẹni tó fẹ́ gbé wọn kò nílò kí wọ́n rí remote."

"Ẹ tẹ̀lé wọn lọ now. Simple."

Ọmọ yẹn, ohùn Yorùbá rẹ̀ kò dúró dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé.

Nígbà tí Àlàmísì pé, mo lé tìróò. Mo wọ léèsì tí mo wọ̀ níbi ìgbéyàwó ọmọ mi, mo da ìborùn olówùú wúrà lé e. Mo jókòó sórí àga tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn, pọ́ọ̀sì wà lórí itan mi. Ọkọ mi jáde láti yàrá, ó dúró.

"Níbo lò ń lọ?"

"Decatur."

"Ọ̀nà á ti dí lórí I-20."

"Ẹ̀yin náà, orí rẹ̀ lẹ máa gbà."

"Orúnkún rẹ tó ń dùn ọ́ ńkọ́?"

"Mò ń gbé e bọ̀."

Nínú ọkọ̀, ìgbà gbogbo ni ọwọ́ rẹ̀ ń lọ síbi àyà kóòtù, bí ẹni tó ń wò bóyá ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù. Èmi ń to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ jọ. Mo ti pinnu pé n kò ní kúnlẹ̀. Kí ni mo fẹ́ kúnlẹ̀ fún ẹni tó ń gbọ́ ìròyìn mi sí?

Ilé náà kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. A tẹ aago, ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kúkúrú kan ló dúró síbẹ̀, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dàgbà jù mí lọ dáadáa. Ó lẹ́wà. Mi ò ní purọ́ nítorí pé mò ń jowú. Ẹwà àgbà ni, èyí tí ọjọ́ orí wò títí tó fi fi sílẹ̀. Orúnkún mi tí kò gbọ́ ti dókítà rí, ó gbọ́ ti ìyá tó kọ́ mi nílé. Mo ti wà nílẹ̀ kí n tó rántí ìpinnu mi.

Ó ké, "Rárá, rárá!" ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ mi mú, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ padà sí àyà, bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wọn. "Ẹ̀yin ni? Ẹ̀yin ni ìyàwó? Alihamudulilai! Ṣé ara yín ti wá yá?"

"Ara ta ni?"

"Ó ní orúnkún yín kò jẹ́ kẹ́ ẹ lè wọkọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ibà ni. Ṣáájú ìyẹn, ó ní ẹ lọ kí ọmọ yín."

Mo yíjú sí ọkọ mi. Òrùlé ló ń wò.

"Kí lẹ fẹ́ rí mi fún?" mo bi obìnrin náà.

"Ohun ìní yín ló wà lọ́wọ́ rẹ̀," ó ní, ó sì na ọwọ́ sí ọkọ mi bí olùkọ́ tó fẹ́ gba súìtì lọ́wọ́ ọmọ iléèwé. Ọkọ mi kò yára. Ó kì ọwọ́ bọ àpò, ó fa aṣọ sílíìkì náà jáde díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ara rẹ̀ ló ń fà á tu.

A jókòó. Ilé náà ń run ọsàn wẹ́wẹ́ àti òróró olóòórùn dídùn. Òórùn ọsàn lára irin, bíi kí n bú sẹ́kún ni, nítorí bí ìyá mi ṣe máa ń fọ ọ̀bẹ tó bá dípẹtà nìyẹn. Obìnrin náà tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó tú idà kékeré náà sórí rẹ̀.

"Ẹ mú un," ó sọ fún ọkọ mi.

Ó mú un. Èèkù náà rì sínú ìkúùkù rẹ̀, ìka rẹ̀ tó kéré jù kò ríbi dì mú, ó ń ṣe rádaràda.

"Ẹlòmíràn á ní ti ọmọdé ni," Ibu wí, "tàbí kó ní èyí tó gùn ló kán tí wọ́n tún un pọ́n. Ẹ wá wò ó, ìyá." Ó fi ìka tọ ojú idà náà fún mi. Àwọn ilà funfun ń ṣàn bọ̀ láti ìdí, wọ́n ń sún mọ́ra wọn bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń tín-ín-rín, títí gbogbo wọn fi pàdé ní ṣóńṣó. "Ká ní ó kán ni, àwọn ilà yìí ìbá já lójijì. Bí wọ́n ṣe rọ ọ́ nìyí. Ẹ gbà á."

Ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi gbà á. Ó jókòó sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó bá a mu rẹ́gí.

"Pátírẹ́mù la máa ń pè é," ó ní. "Kẹ́rísì obìnrin ni. Ìyá ló ń fi lé ọmọbìnrin lọ́wọ́, inú ọ̀já ìdí ló ń fi í sí. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbé e dé ni mo ti sọ fún un: alàgbà, èyí kì í ṣe tiyín, inú ilé yín ni ẹni tó ni ín wà. Ẹ mú ìyàwó yín wá kí n kọ́ ọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mò ń sọ ọ́."

Ọkọ mi lanu, ohùn rẹ̀ kéré.

"Èmi ni mo rí i nílé sójà yẹn. Gbogbo èèyàn ń kọjá lára rẹ̀. Èmi ni mo tú aṣọ ara rẹ̀."

"Mo mọ̀," Ibu wí.

"Ẹ ò mọ ìyàwó mi. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni. Bó bá fi lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ báyìí, ó di tiwọn nìyẹn, irin àti ọmọ irin. Kò ní bi mí ní nǹkankan mọ́. Ta ni màá máa kọ́? Ta ni màá máa fi ọ̀bẹ ìgébúrẹ́dì hàn?"

Ẹ gbọ́ mi o. Mo lé tìróò, mo wọ léèsì, mo jowú títí aṣọ fi fẹ̀ mọ́ mi lára, èmi ni bàbá yìí ń jowú ní tirẹ̀!

Ẹ má rò pé tèmi parí síbẹ̀. Mo rí bó ṣe ń wo idà náà, mo sì ń bi ara mi léèrè ìgbà tó wo èmi bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni idà náà wà, kò sì sí bó ṣe fẹ́ wò ó tí kò ní wò mí mọ́ ọn. N kò tètè gbé e sílẹ̀.

Ibu kọ́ mi bí a ṣe ń fi òwú àti òróró nù ún, bí a ṣe ń fa àkọ̀ kúrò lára rẹ̀ pẹ̀lú Bísímílà, àti pé inú oṣù Mùhárámù ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a ń lọ, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ọkọ mi. "Sàdáàkì tí ẹ san lé e lórí," ó ní, "ẹ kúkú ṣírò rẹ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́ tí ẹ san lórí ìyàwó yín." Òun nìkan ló rẹ́rìn-ín.

A dé Conyers. Ó jẹun, ó ní, "O ṣeun," ó dìde. Ó dùn mí. Mo ti gba idà, mi ò tíì gba ohun tí mo torí rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nírọ̀lẹ́, fóònù dún. Tèmi ni. Ibu ló fẹ́ mọ̀ bóyá òróró náà mu. Mo gbé e wọ gáréèjì, mo ti ilẹ̀kùn. Mo pẹ́ níbẹ̀ ju bí ọ̀rọ̀ òróró ṣe yẹ kó pẹ́ lọ. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ọkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, ó di ife òfìfo mú.

"Kí ló sọ?"

"Ọ̀rọ̀ obìnrin ni."

Ó tẹ̀lé mi dé kíṣìnì. Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀, mo jókòó sí ọ̀kánkán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹyin. Ó fọwọ́, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan oúnjẹ.

"Ìyá àwọn ọmọ, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n wò ó."

Kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ tí mo ti idà náà mọ́ wà lọ́rùn mi. Mo bó ẹyin kan tán, mo mú òmíràn.

"Níbo lẹ lọ láàárọ̀?"

"Mo kàn lọ ra gáàsì sínú ọkọ̀ ni."

"Ta lẹ rí níbẹ̀?"

Ó wo kọ́kọ́rọ́ náà. Ó wo ẹ̀bà. Ó mí kanlẹ̀, ó gé òkèlè kan, ó tẹ̀ ẹ́ bọ ọbẹ̀.

"Ọkùnrin kan wà níbẹ̀," ó ní, "bàtà tó wọ̀ sí ẹsẹ̀ ọ̀tún kò jọ ti òsì rárá. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ni..."

Mo fa àga mi sún mọ́ tábìlì.

"Ẹ̀n-ẹ́n?" mo ní. "Lẹ́yìn náà ńkọ́?"